Olùṣọ́ Tó Dá Wọn Padà Lórí Òkè Tamsen

Láti ọjọ́ tí Marlys ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ilé-ìwé, ohun kan ló ń wù ú: kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìṣọ́ iná, níbi tí wọ́n ti ń wo igbó bóyá iná ń jó, tó wà ní ṣóńṣó Òkè Tamsen, ní Ídáhò, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ṣọ́ igbó nígbà ọmọge. Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, òun àti Verl, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, gbéra. Ayọ̀ ò jẹ́ kí Marlys lè jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ tán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra,” Verl ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Òkè ò ní sá lọ.”

“Ìwọ lo sùn di aago mẹ́sàn-án. Gbẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, jàre.”

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n yọ síbi tí igbó ti tán. Ilé náà rèé lókè, lórí ẹsẹ̀ gíga mẹ́rin, gíláàsì yí i ká. Kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́.

Ni àrá bá kù rìrì lẹ́yìn òkè.

“Ẹ jẹ́ ká sáré débẹ̀ kí òjò tó dé,” Verl wí.

“Ẹ má débẹ̀ o.” Obìnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ ẹ̀yìn ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ní Ione ni òun ń jẹ́, òun sì ni olùṣọ́ tó ń gbé inú ilé náà. Orísun omi ló ti ń bọ̀.

“Ṣebí ilé yín ni?” Verl bi í.

“Ilé mi ni, èmi gan-an ò sì ní gùn ún báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ lè bá yín. Irin sì ni àkàbà ibẹ̀.”

“Abẹ́ igi ńlá yẹn ńkọ́?”

“Èyí tó dá dúró yẹn? Òun ni àrá máa kọ́kọ́ rí.”

Ó kó wọn sọ̀kalẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀, láàárín àwọn igi kéékèèké. Ó ní kí wọ́n kó ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń rìn dànù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n jìnnà síra, kí wọ́n sì lóṣòó. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kan kọ yànràn. Igi ńlá náà là sí méjì.

Nígbà tí òjò dá, Marlys dìde fìrì.

“Ó di ìgbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn,” Ione wí. Wọ́n dúró.

Wọ́n dé òkè nígbẹ̀yìn. Igbó tẹ́ lọ salalu lábẹ́ wọn, orí Marlys wú. Ione ní kó fi ojú sí awò orí tábìlì tí wọ́n fi ń wá iná nínú igbó.

“Kí ló ń rú tín-ín-rín níbẹ̀ yẹn?” Marlys bèèrè.

Ione wò ó, ó sì na rédíò sí i. “Èéfín ni. Àrá ló dáná sun igi. Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ròyìn rẹ̀.”

Marlys sọ ibi tí èéfín náà wà fún àwọn panápaná. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pa iná náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa gun òkè, ẹ tètè jí, kí ẹ lè ti sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ yí padà, bó ti wù kí ibi tí ẹ ń lọ sún mọ́ tó. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì fọwọ́ kan irin. Òkè á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà, ẹ rí i pé ẹ wà.