Ohùn Tó Ṣáájú Rẹ̀ Dé Ibi Iṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, n kò sì bù mọ́ ọn.

Bàbá Ẹ-káàárọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, nítorí òun ló ń kí ìlú láràárọ̀ lórí rédíò. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún débi pé àwọn tó ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn ti ń mú ọmọ tiwọn lọ sílé ìwé báyìí. Kò lówó, kò kọ́lé. Ohùn yẹn nìkan ló ní.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó jí, ohùn ti lọ. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ẹnjiníà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò, pé kó bá òun fi orin dí àyè òun. Ẹnjiníà ò fèsì. Bàbá padà sùn.

Ohùn ara rẹ̀ ló jí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Òjò wínníwínní ń rọ̀ o. Ẹni tó bá sá aṣọ síta, kó sáré!"

Rédíò ilé ìdáná ni. Ó kọ́kọ́ rò pé ètò àtijọ́ kan ni wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́. Ó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò wínníwínní ń rọ̀.

Awakọ̀ kan fóònù wọlé, ó ń ṣàròyé ọ̀nà tó bàjẹ́. Ohùn náà dá a lóhùn. Ó húkọ́ díẹ̀ kó tó dá àpárá, bí Bàbá Ẹ-káàárọ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ètò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í dá awakọ̀ lóhùn.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Bàbá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó nàka sí rédíò, ó nàka sí àyà ara rẹ̀. Obìnrin náà ò jáyà. Ó ń nu ife.

"Ẹ padà lọ sùn, jàre," ó ní. "Ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi."

Ta ni "wọ́n"? Kò lè bi í. Ó wọ ṣòkòtò, ó jáde.

"Háà, ọ̀gá!" ni olùṣọ́ géètì wí nílé iṣẹ́. "Ẹ tún ti jáde ni? Mi ò mà rí yín nígbà tẹ́ ẹ jáde." Ó wo ojú rẹ̀. Ó wo rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó ṣí géètì fún un.

Iná pupa tó ń sọ pé máìkì ti ṣí ń tàn lókè ilẹ̀kùn sítúdíò. Òfin kan wà níbẹ̀, Bàbá Ẹ-káàárọ̀ gan-an ló sì le jù lórí ẹ̀: bí iná pupa bá ń tàn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn, àní bí ilé bá ń jó. Ó dúró. Ó yọjú lójú gíláàsì.

Kò sẹ́ni lórí àga rẹ̀. Wọ́n ti gbé máìkì sí ọ̀gangan ibi tí ẹnu rẹ̀ máa ń wà. Tíì ń rú èéfín nínú ife rẹ̀. Àga náà yí díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó bá sún ìdí. Ní igun yàrá, níbi ẹ̀rọ rẹ̀, Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín sí àga tó ṣófo. Ó gbójú sókè, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ta gìrì. Ó fi ìka lé ètè.

Bàbá ì bá ti já wọlé nígbà náà. Iná pupa ni kò jẹ́.

"Ìyàwó mi ló wà lórí fóònù o!" ni ohùn náà wí nínú rédíò tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá ilé, ṣé ó ti jí?"

"Ó ti jí." Ìyàwó rẹ̀ ni, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Má fòyà. Kò lè sọ nǹkan kan."

Gbogbo ìlú gbọ́ ọ, wọ́n rò pé eré tọkọtaya ni. Ẹ̀rín olùṣọ́ dún láti ẹnu géètì. Ọkàn Bàbá Ẹ-káàárọ̀ gbọgbẹ́. Obìnrin tó ń se omi gbígbóná fún ọ̀fun rẹ̀ láràárọ̀!

Orin bẹ̀rẹ̀, iná pupa kú. Ó já wọlé.

"Má bínú," ni Ẹnjiníà wí. Àwọn méjèèjì ti jọ sùn lórí ẹní kan ṣoṣo rí, nígbà tí wọn ò tíì ní nǹkan kan. "Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo sì máa ń sọ pé ètò ò gbọdọ̀ dúró. Èmi àti ìyàwó ẹ la jọ gbà pé kó o sinmi."

Ètè Bàbá ń mì láìsí ìró. Ẹ gbà kí ni? Ẹ gbà á lọ́wọ́ ta ni?

Ẹnjiníà yíjú kúrò. "Orin ti ń parí lọ. Jọ̀ọ́, jáde."

Bàbá gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn àga. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Iná pupa tàn.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó rú òfin náà. Ó fi ìkúùkù lu tábìlì, ó ń lù ú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Tíì dà nù. Kí ìlú ṣáà mọ̀ pé òun wà níbí.

Ohùn náà rẹ́rìn-ín lẹ́bàá etí rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ariwo yẹn dà yín láàmú o. Àwọn kan ò mọ òfin sítúdíò ni."

Olùṣọ́ sáré wọlé. Ó wo ọkùnrin tó ń la ẹnu láìsí ìró. Ó gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ tó ń kí ẹlòmíì káàárọ̀.

"Ẹnjiníà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èwo ni ọ̀gá?"

Ẹnjiníà ò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó nàka sí àga tó ṣófo.