Obìnrin Tí Kì Í Pe Jẹ́jẹ́ Lórúkọ

"Jẹ́jẹ́, ṣé pákí yẹn ti ń tán?"

Ìdí agbada tó fi ń yan gaàrí ni obìnrin náà wà tó ti ń béèrè. Bọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ mi, dáhùn pé ó ku díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì mú pákí mìíràn tó fẹ́ bó. Èmi jókòó tì í lórí àpótí, mo ń wo bí èèpo ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tí wọn kì í pè é ní Bọ́sẹ̀dé nílé yìí, àmọ́ mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá Tolú ni à ń pe obìnrin náà. Ìyàwó tí bàbá Bọ́sẹ̀dé fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni. Bàbá yìí wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń wálé. Tolú, ọmọ ọdún mẹ́ta, ni ọmọ tí obìnrin náà bí. Tolú ló ń pe ọmọ tirẹ̀. Ọmọ olóògbé, Jẹ́jẹ́ ló ń pè é.

Lọ́jọ́ náà, Bọ́sẹ̀dé ṣàdédé bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dún.

"Òní ló pé ọdún mẹ́sàn-án tí màmá mi kú," ló wí. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sunkún o."

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ́rìnsọ́lá ni orúkọ mi, Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì kó mi wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìsẹ̀. Àgbẹ̀ ni ìyá àgbà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, abà rẹ̀ lọ́nà Òrun ló máa ń wà. Èmi nìkan ló ń ku sílé. Mo máa ń se oúnjẹ ẹnì kan, mo máa ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo sì máa ń tan rédíò kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ní ilé-ìwé, èdè wọn kò yé mi dáadáa. Mo ṣàkíyèsí pé ilé ń di ulé, iṣu ń di uṣu. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ṣe bí ọmọ onílùú, mo bá kí ìyá kan lójú ọ̀nà pé, "Ẹ káàárọ̀, uyá mi." Àṣé ìyá kò sí lára àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yí bẹ́ẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pè mí ní Uyá. Bọ́sẹ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì mi, bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ní táàmù kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò, tíṣà wa nínú èdè Yorùbá, gbé iṣẹ́ kan fún wa.

"Ẹ mú àlọ́ kan tí ẹ ti gbọ́ rí," ló wí. "Ẹ bọ́ aṣọ àtijọ́ lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ wọ jíìnsì fún un. Kó ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ̀ yìí, lọ́dún tí a wà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ojúlùmọ̀ rẹ̀ kọ ọ́, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni náà. Èyí tó bá dára jù, a ó kà á ní asẹ́ńbìlì, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ìdíje ní Adó."

Ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ wá gbọ́ pé gbogbo ilé-ìwé yóò gbọ́ ohùn òun. Ẹ wo bí ara mi ṣe ń yá gágá.

Mo mú àlọ́ ọmọ òrukàn tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fìyà jẹ. Dípò kí wọ́n rán an lọ sódò, mo ní wọ́n rán an lọ ta gaàrí ní gáréèjì Ìkéré. Dípò iwin, mo fi arúgbó kan síbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù. Dípò igbá ìlẹ̀kẹ̀, ìwé ìwọlé sí yunifásítì ni arúgbó náà fún un. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Àfìgbà tó kan ìyàwó bàbá, n kò sì mọ ìyàwó bàbá kankan ju ẹyọ kan lọ.

Mo yí orúkọ Bọ́sẹ̀dé sí Bùsọ́lá, mo rò pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n mo fi agbada gaàrí sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kọ àpá iná tó wà lọ́wọ́ òsì Ìyá Tolú síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: "Ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń pè lórúkọ. Jẹ́jẹ́ ló ń pe ọmọ olóògbé, nítorí iṣẹ́ ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè yára rìn mọ́." Ẹkún tí mo ṣèlérí pé n kò ní sọ, mo kọ ọ́ sí i, mo ní ìyà ló fà á. Ní ìparí, agbọ́n ta obìnrin náà títí ojú rẹ̀ fi wú.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè, Bọ́sẹ̀dé lè ní rárá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò bi mí bóyá ẹnì kan wà tí mo fi kọ ìtàn náà, mo ní, "Rárá, sà."

Ọjọ́ Ajé ni mo kà á ní asẹ́ńbìlì. Bí mo ṣe dárúkọ Jẹ́jẹ́, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí Bọ́sẹ̀dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò wo apá ibẹ̀. Mo kà á parí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi, títí kan àwọn tó ń pè mí ní Uyá. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Bọ́sẹ̀dé kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ náà. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ kan tó wá ra gaàrí bi Ìyá Tolú pé ṣé ojú rẹ̀ tí agbọ́n ta ti sàn. Àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń tọ́jú ọmọ olóògbé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bọ́sẹ̀dé dúró dè mí lójú ọ̀nà.

"Ta ló sọ fún ẹ pé èébú ni Jẹ́jẹ́?"

Mo ní èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó ni Ìyá Tolú nílé wa," ló wí. "Wọ́n bá mi nílé ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ó máa fún un ní orúkọ mìíràn ni. Wọ́n lè pe Tolú bó ṣe wù wọ́n, àwọn ni wọ́n bí i. Ṣé ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni?"

Yàrá kan la gbé ní Èkó, ìyá mi kò sì bá ọmọ kankan níbẹ̀. Ta ni ì bá kọ́ mi?

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n dé," ni Bọ́sẹ̀dé ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "N kì í yéé sunkún. Mo ti dàgbà ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, síbẹ̀ wọ́n á pọ̀n mí, wọ́n á máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa ní, 'Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.' Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Lánàá, wọ́n pè mí ní Bọ́sẹ̀dé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé àwọn ń fi orúkọ bú mi."

Kò pariwo. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Mo padà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò lọ́jọ́ náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fa ìtàn náà yọ kúrò nínú ìdíje. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo dúró síwájú asẹ́ńbìlì, mo ní irọ́ ni mo kọ mọ́ obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà dé láti abà tí mo ròyìn fún un, ó káwọ́ lérí.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ló wí. "Dìde, ká lọ bẹ̀ wọ́n."

Ìyá àgbà mi, tó dàgbà ju ìyá tó bí Ìyá Tolú lọ, ló fẹ́ kúnlẹ̀. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìyá Tolú yára dì í mú, ó gbé àga fún un, ó sì yíjú sí mi.

"Ojoojúmọ́ lo ń wá s'ulé yìí," ló wí. "O jẹ uṣu mi, o mu omi mi. O ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú àlọ́, kò sẹ́ni tí í bi ìyàwó bàbá ní tẹnu rẹ̀. Mo rò pé ti ojú ayé yàtọ̀."

Mo sunkún. Ó ní òun ti dárí jì mí, ó sì pè sínú ilé.

"Bọ́sẹ̀dé, àlejò rẹ dé."

Bọ́sẹ̀dé dáhùn pé òun ń bọ̀. A jókòó títí ìyá àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Kò jáde.

Àwọn ìyá ìjọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Tolú nígbà tí òótọ́ dé etí wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì gbàgbé ọ̀rọ̀ agbọ́n. Ṣùgbọ́n mo máa ń gba iwájú ilé náà kọjá, n kò sì gbọ́ Jẹ́jẹ́ mọ́. Bọ́sẹ̀dé ń kí mi bí a bá pàdé. Títí a fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, kò padà sórí bẹ́ǹṣì mi.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìtàn kíkọ, ẹ máa fi jíìnsì wọ àlọ́ bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ènìyàn tó jọ ẹni burúkú inú àlọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, nítorí abéèrè kì í ṣìnà. Bí ọ̀rẹ́ bá sì fi ẹkún rẹ̀ pamọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ra àtẹ́wọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì.