Ọmọ Oníbúrẹ́dì Tí Kì Í Jẹ Búrẹ́dì

Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí imú Ṣìkẹ́mi lọ́jọ́ tí Adélaní kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti já, ó há a mọ́ abíyá. Ó lóṣòó síwájú àpò èlùbọ́ kan, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, ó wá di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń retí èsì àdúrà.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ búra fún mi pé ẹ ò po fùláwà mọ́ ọn.”

“Fùláwà kẹ̀?” obìnrin tó ń tà á pariwo. “Fùláwà tó ti wọ́n ju èlùbọ́ lọ? Ta ló máa ń po góòlù mọ́ yanrìn?”

Adélaní tó ń kọjá lọ dúró gbọnrangandan. Kò rí obìnrin yìí rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà. Ó ti ń gbọ́ ọ nínú fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti di ohùn tó ń wá kó tó wá oúnjẹ àárọ̀.

“Aṣọ́bodè Ikùn!” ó pè.

Ṣìkẹ́mi yíjú padà kíá. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. “Ta nìyẹn?”

“Ọmọ Oǹdó ni.”

“Irọ́ lò ń pa!” Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, bàtà já bọ́ lábẹ́ abíyá. “Ìwọ rèé? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ.”

“Èmi náà rò pé o máa ń nu imú rẹ kó o tó jáde nílé.”

Ó fọwọ́ kan imú, ó rí èlùbọ́, ojú tì í, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Adélaní gbé bàtà náà lọ sọ́dọ̀ ṣúmẹ́kà tó wà nítòsí. Wọ́n jókòó sórí àga pákó rẹ̀ títí wọ́n fi rán an tán, tí òjò fi dá. Kí kẹ̀kẹ́ tó gbé Ṣìkẹ́mi lọ, Adélaní ti mọ̀ pé ọkàn òun ti bá a lọ.

Orí Wáàsáàpù ni wọ́n ti mọra. “Àlìkámà Jìnnà Sí Wa” ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tí ara wọn kò gba àlìkámà, ọkà tí wọ́n ń lọ̀ di fùláwà, ló wà níbẹ̀. Búrẹ́dì ni o, mákárónì ni o, sẹ̀mó ni o, bí wọ́n bá ti fi kan ẹnu báyìí, inú wọn á di ojú ogun. Ìyá Bísọ́dún, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlárá-Mọ̀kín, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ló sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu na gbogbo wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Rufus, olùkọ́ yunifásítì ní Àkúrẹ́, kọ ọ́ pé: “Ẹ̀yin ará, mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń dín pọ́fù-pọ́fù. Mo dúró, mo fa òórùn rẹ̀ símú. Ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀?”

“Ẹni tó bá wo pọ́fù-pọ́fù pẹ̀lú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́,” Ìyá Bísọ́dún dá a lóhùn, “ó ti jẹ ẹ́ tán nínú ọkàn rẹ̀.”

Motúnráyọ̀ ní tirẹ̀ sọ pé òun gbé mọ́ọ̀tì, ohun mímu tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, tí wọ́n fún òun níbi òkú àgbà fún ọkọ òun, lọkọ bá béèrè pé kí ni Motúnráyọ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ṣìkẹ́mi kì í fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́: “Rufus, gbé ahọ́n rẹ wá sí Alágbàká kí n bá ọ tì í ní kọ́kọ́rọ́.” Ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Adélaní ni yóò wá dá a lóhùn pé, “Aṣọ́bodè, bá mi ti tèmi náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ.” Gbogbo ẹgbẹ́ á bú sẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo àwàdà yìí, ohun kan wà tí Adélaní kò sọ fún wọn. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni.

Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè di okùn bàtà ara rẹ̀. Modúpẹ́, ìyá rẹ̀, ru búrẹ́dì lórí kiri ìlú Oǹdó títí ó fi ní ààrò tirẹ̀ ní Òkèlísà. Búrẹ́dì yẹn ló fi rán an níwèé, tó fi di olùkọ́. Nígbà tí dókítà kan ní Ìbàdàn wá sọ fún Adélaní pé àlìkámà ni ọ̀tá inú rẹ̀, kò mọ ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ nílé. Níwájú ìyá rẹ̀, á gé díẹ̀ sẹ́nu, á fi ìyókù sápò. Níbi tí kò bá ti sí bó ṣe lè fi sápò, á jẹ ẹ́, á sì fara gbá a.

Àwọn ọdún yẹn kò dẹrùn. Owó epo ṣàdédé fò sókè, owó ọkọ̀ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ di ohun tí olùkọ́ ń rò kó tó jáde nílé. Wọn kì í ríra tó bí ọkàn wọn ṣe fẹ́. Fóònù ló ń bá wọn gbé ìfẹ́ náà. Bàbá Ṣìkẹ́mi, Olútáyọ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó jáde mọ́, máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ Oǹdó, ìgbà wo lò ń bọ̀ wá jẹ iyán? Mo fẹ́ rí ojú ẹni tó ń mú ọmọ mi rẹ́rìn-ín òun nìkan nínú yàrá.”

“Láìpẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Màámi kọ́kọ́ rí i.”

Nígbà tí Adélaní jẹ́wọ́ fún Ṣìkẹ́mi pé búrẹ́dì ni ìyá òun ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè pé, “Ṣé wọ́n mọ̀ pé ara rẹ kò gbà á?”

“Màá sọ fún wọn kó o tó wá.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Oǹdó, ó tún bi í nínú ọkọ̀. “Ṣé o ti sọ ọ́?”

“Màá sọ ọ́ ká tó jókòó.”

Kò sọ ọ́. Ijó ni Modúpẹ́ fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àga fún Ṣìkẹ́mi, ó wọlé, ó sì gbé búrẹ́dì kan jáde tí ooru ṣì ń rú lára rẹ̀.

“Ọmọ mi, ayé ti le. Èyí tí mo ń tà kò rí bọ́tà mọ́. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó ọmọ mi, mo fi bọ́tà sí i, mo fi ẹyin sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti tọ́jú fùláwà yìí dè ọ́.” Ọwọ́ ló fi bù ú, ó sì nà án sí i.

Ṣìkẹ́mi wo Adélaní. Ilẹ̀ ni Adélaní ń wò. Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ara mi kì í gba ohun tí wọ́n bá fi fùláwà ṣe. Àìsàn ni, dókítà ló sọ ọ́.”

Ọwọ́ ìyá dúró lófuurufú. “Àìsàn wo ló wà nínú búrẹ́dì? Búrẹ́dì tí mo fi tọ́ ọmọ yìí?” Ó kọjú sí Adélaní. “Ìwọ tí o ti ń jẹ ẹ́ látìgbà tí eyín rẹ ti hù, ṣé ó ṣe ọ́ ní nǹkan kan rí?”

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo apá ìyá rẹ̀, níbi tí iná ààrò ti jó o lójú kan dé ojú kejì.

“Rárá, Màámi,” ó ní. Ó gba búrẹ́dì náà, ó sì jẹ ẹ́.

“Ṣé o rí i?” Modúpẹ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún Ṣìkẹ́mi, ó dùn ún gan-an. “Tí oúnjẹ wa kò bá tó ọ jẹ, ọmọ mi, sọ pé kò tó ọ jẹ. Má fi àìsàn bojú.”

Ṣìkẹ́mi dágbére pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó jáde. Adélaní sáré tẹ̀ lé e.

“Aṣọ́bodè mi, dúró. O mọ bí nǹkan ṣe rí. Ọjà kò tà. Bí aráàlú bá gbọ́ pé ọmọ oníbúrẹ́dì pàápàá...”

“Pé o ò gbèjà mi kọ́ ló dùn mí.” Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló wá burú jù. “Ikùn ara rẹ lo sẹ́ níṣojú mi, Adélaní. Ẹni tó lè sẹ́ ara rẹ̀ báyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó sẹ́ èmi, kí ni yóò dá a dúró?”

Ṣìkẹ́mi nawọ́ dá ọkọ̀ kan dúró, ó wọ̀ ọ́. Adélaní fẹ́ sá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó jẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú lọ́ ọ, ó sì tẹ̀ kọdọrọ létí títì títí ọkọ̀ fi lọ.

Ó pè é, kò gbé e. Nínú ẹgbẹ́, Rufus tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fi í ṣeré pé, “Ọmọ Oǹdó, ta ló fi fùláwà dí ọ lẹ́nu?” Adélaní ka ọ̀rọ̀ náà ní àkàtúnkà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọdún náà yí. Owó fùláwà ń gun òkè bí igbà ẹmu. Búrẹ́dì Modúpẹ́ kéré sí i, ó tún kéré sí i, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò ní dáná ààrò mọ́. Ó ta gbogbo èyí tó kù, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

“Jẹ ẹ́. Òun ló kẹ́yìn. Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún.”

Adélaní wò ó títí. Ó ṣubú lórí eékún.

“Màámi, mi ò lè jẹ ẹ́. Kò bá mi lára mu rí. Ohun tó ń ṣe Ṣìkẹ́mi ló ń ṣe mí. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ yẹn.”

Nígbà tí Modúpẹ́ sọ̀rọ̀, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ ọ́.

“Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń di ikùn mú láàárọ̀. Mo ní ilé ìwé lò ń sá fún. Mo máa ń nà ọ́. Tí mo bá nà ọ́ tán, àánú rẹ á ṣe mí, màá gé búrẹ́dì fún ọ kí o lè dákẹ́.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. “Ọwọ́ mi yìí náà.”

“Ẹ ò mọ̀, Màámi. Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò sọ.”

“Àti ọmọbìnrin yẹn,” ìyá ní, “tó kúnlẹ̀, tó ń sọ òtítọ́ fún mi.”

Kò ní kí ẹnikẹ́ni sin òun. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ọ́fíìsì Ṣìkẹ́mi ní Alágbàká. Lófìfo ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

“Mi ò mọ ohun tí mo lè gbé wá fún ọ tí kò ní ṣe ọ́ ní ibi,” ó ní. Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀ nígbà tí Ṣìkẹ́mi fò dìde, tó gbá a mú.

“Èèwọ̀ ni, Màámi! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí.”

“Ó ti sọ fún mi. Kò dá mi lóhùn tìkà-tẹ̀gbin rí, ìfẹ́ tó ní sí mi ló pọ̀ jù fún un. Dárí jì í.”

Ṣìkẹ́mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ẹ ní kó wá fúnra rẹ̀. Kó wá kí ìyá mi. A ti sin bàbá mi.”

Modúpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ti wá kí Ṣìkẹ́mi kú aráfẹ́rakù: Ìyá Bísọ́dún, Rufus, Motúnráyọ̀. Ẹni tó kúrò láàárín wọn nìkan ni kò gbọ́.

Nígbà tí Adélaní dé ilé náà, àga bàbá ṣófo lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá Ṣìkẹ́mi kí i káàbọ̀. Adéṣínà, àbúrò olóògbé, jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí, ojú rẹ̀ le.

“Ẹ bá àlejò mú nínú búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì tí àwọn ará ìjọ gbé wá,” Adéṣínà ní.

Adélaní dìde. “Ẹ ṣeun, sà. Èmi kì í jẹ búrẹ́dì. Ara mi kò gbà á.”

“Wọ́n ní ọmọ oníbúrẹ́dì ni ọ́!”

“Òun ni mí, sà. Mo sẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa, mo sọ ọmọ yín di òpùrọ́ níwájú ìyá mi. Ẹ̀bi tèmi ni. Bàbá ní kí n wá, mo ní láìpẹ́. Mi ò wá.”

Ṣìkẹ́mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọlé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ó ti pẹ́ jù,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

“Mo mọ̀.”

“Títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń béèrè ọ. Wọn ò sí níbí láti gbọ́ ọ mọ́.”

“Mo mọ̀, Aṣọ́bodè mi.”

Ṣìkẹ́mi mí kanlẹ̀. “Èmi gbọ́.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ìwọ̀nba, bí àsìkò ṣe gbà. Ìyá Bísọ́dún ló dúró ti ìkòkò. Rufus sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé èyí ni ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí òun máa jẹun níbẹ̀ láìkọ́kọ́ da ìbéèrè bo alásè. Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti nu ojú.

Ṣáájú àsè náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà béèrè ẹni tó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí. Adéṣínà ló dìde dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí Adélaní tẹ̀ wálẹ̀, omijé ń já bọ́ sára aṣọ rẹ̀. Ṣìkẹ́mi rí i. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí àlùfáà tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.