Àdúrà Tí Kò Ní Àmín

"Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run," ni bàbá Lará bẹ̀rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ pinpin, "obìnrin tó bá ń kó ọ̀rọ̀ ilé yìí lọ sílé ìyá rẹ̀, Olúwa, bá mi di í lẹ́nu!"

"Àmín," ni Lará wí.

Àbúrò rẹ̀, Ìbùkúnolúwa, kò ṣe àmín ní tirẹ̀. Ikọ́ ló wú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ikọ́ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan ìyá wọn. "Ọba tó ń rí ìkọ̀kọ̀," ni ìyá wọn náà figbe ta, "ọkùnrin tó bá ń sọ pé òun wà ní ìpàdé níbi iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹran ìgbẹ́ ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì, jẹ́ kí eegun há a lọ́fun!"

"Àmín," ni Lará tún wí. Bó ṣe fa ti àkọ́kọ́ náà ló ṣe fa èyí, kò gùn jù ú lọ, kò sì rinlẹ̀ jù ú lọ. Ó nídìí tó fi ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí, ó ní, "Lará, àmín tèmi kì í jáde lẹ́nu ẹ dáadáa mọ́ o. Ti ìyá ẹ lò ń fi gbogbo agbára ṣe."

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà òwúrọ̀ nìyẹn ní ilé àwọn Lará, nínú ẹ́síteètì kan ní Ifákọ̀. Bàbá wọn àti ìyá wọn ti gbé ara wọn lọ sí kóòtù láti kọ ara wọn sílẹ̀. Lọ́yà ọkọ ní kó má kúrò nílé, lọ́yà ìyàwó náà ní kó má kúrò nílé, ni àwọn méjèèjì bá jókòó pa síbẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ fi àdúrà òwúrọ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kejì, kí wọ́n má baà sọ pé òun ni kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ ọ́, wọ́n á sì rí i dájú pé ẹnì kejì gbọ́.

Tẹ́lẹ̀ rí, láti ẹnu géètì ni bàbá wọn ti máa ń pariwo "Mojí!" bó bá ti ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Gbogbo ẹ́síteètì ló mọ ìyá Lará ní Mojí nítorí ẹnu ọkọ rẹ̀. Ní báyìí, "obìnrin yìí" ló kù tó ń pè é, tàbí kó kọjú sí àwọn ọmọ, kó ní, "Ẹ sọ fún un pé iná ti tán nínú mítà."

Lará wà ní SS2 ní ilé-ìwé kan ní Ìkòsí, fíìmù ṣíṣe ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ní sáà náà, Uncle Gbénró, tíṣà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ eré, sọ pé kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fi fóònù ya fíìmù apanilẹ́rìn-ín kékeré kan. Wọn yóò fi gbogbo rẹ̀ han àwọn òbí, èyí tó bá sì gbayì jù ni ilé-ìwé yóò fi díje pẹ̀lú àwọn ilé-ìwé mìíràn. Lará kọ ìtàn olè kan tó jí ẹ̀rọ amúnáwá gbé. Uncle Gbénró kà á, ó gbé ojú sókè.

"Lará, ìtàn yìí ò ládùn. Lọ wá nǹkan tí ojú ẹ rí, kì í ṣe nǹkan tó o rò pé mo fẹ́ gbọ́."

Nígbà ìsinmi ọ̀sán ni ó sọ ọ̀rọ̀ àmín náà fún Labeebah àti Reuben, àwọn méjì tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà. Kò ní in lọ́kàn láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ikọ́ Ìbùkúnolúwa, Reuben ti di ikùn mú, omi sì ti ń jáde lójú Labeebah. Lará náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ilé wọn ti pa á lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, ara sì tù ú gan-an.

Pálọ̀ àwọn Reuben ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Reuben ni bàbá. Ó ki tìmùtìmù bọ inú ẹ̀wù kí ikùn rẹ̀ lè yọ. Lará fúnra rẹ̀ ni ìyá, gèlè aláwọ̀ pọ́pù tí ìyá rẹ̀ fi ń gbàdúrà ló sì mú wá láti ilé. Labeebah ló di fóònù mú, àbúrò Reuben ló sì ṣe ọmọ tó ń húkọ́. Ṣé ẹ rí i, Lará mọ eré ṣe. Bó ṣe la ẹnu, ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Lará yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Kétu, níbi tó ti ń ta aṣọ kọ́tìnnì. Kò rí ẹnikẹ́ni lórí àga. Lẹ́yìn àwọn kọ́tìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ló ti ń gbọ́ ohùn, ohùn náà kì í sì í ṣe ti àárọ̀. Ó rọlẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Olúwa, mi ò bẹ̀ Ọ́ mọ́ pé kí O bá mi bá a jà. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣáà jẹ́ kó pe orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó kàn pè mí ní Mojí, bó ṣe máa ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Lará ká kọ́tìnnì kúrò. Ìyá rẹ̀ wà lórí eékún, etí kọ́tìnnì ló fi ń nu imú. Ó wòkè, ó rí ọmọ rẹ̀, ó tún wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀.

"Yéè, aṣọ oníbàárà ni," ló wí, ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ Lará mú. "Ìwọ àti Ọlọ́run nìkan lẹ gbọ́ eléyìí o. Má jẹ́ kó dé etí bàbá ẹ."

"Mi ò ní sọ ọ́, mà."

Kò sì ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́.

Nígbà tí àwọn mẹ́ta náà tún pàdé láti wo ohun tí wọ́n ti yà, Labeebah ní, "Ìparí ẹ̀ ò dùn. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń gbàdúrà, ó tán."

"Àwọn ìsọ̀rí kejì ti parí tiwọn o," ni Reuben wí. "Wọ́n ní Uncle Gbénró rẹ́rìn-ín títí."

Lará mọ ohun tó wà lórí ahọ́n òun, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbé e mì. Kò gbé e mì. "Ẹ gbọ́," ló wí, "ó yẹ kí obìnrin yẹn wà lẹ́yìn kọ́tìnnì kan, kó máa sunkún..."

Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Lará kúnlẹ̀, ó wé gèlè pọ́pù, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ òun ṣáà pe orúkọ òun, ó ń fi kọ́tìnnì fun imú, títí irin kọ́tìnnì fi já lé e lórí. Reuben wó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Labeebah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Lará, ṣé Mummy ẹ mọ̀ nípa èyí?"

"Wọ́n mọ̀ jàre. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín gan-an ni."

Nígbà tó di ọjọ́ àwọn òbí, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Bàbá Lará jókòó síwájú lápá òsì, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún. Fíìmù àwọn Lará bẹ̀rẹ̀ lára ògiri funfun, nígbà tí Reuben sì pariwo pé kí Olúwa di obìnrin lẹ́nu, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àyà Lará já. Ó yí ojú sẹ́yìn wo ìyá rẹ̀, ló bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá rẹ̀ náà ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bẹ̀. Nígbà tí ọmọ inú fíìmù húkọ́ dípò àmín, bàbá rẹ̀ yí ọrùn padà, ó wá ojú ìyá Lará láàárín èrò, fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín ohun kan náà. Ì bá ṣe pé ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí!

Kọ́tìnnì yọ lára ògiri. Gèlè pọ́pù yọ. "Ṣáà jẹ́ kó pe orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ kọjá ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń lu àga. Nígbà tí irin já, ìyá kan ké pé, "Ó tọ́ sí i!" Lará kò gbọ́ ìyẹn dáadáa, nítorí ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ti dìde. Ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ìjókòó kan náà, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá," àwọn náà sì ń fa orúnkún wọn sẹ́yìn fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ, wọn kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Bàbá Lará kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Fíìmù Lará ló gba ipò kìíní. Uncle Gbénró ń pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Lará ti sáré jáde. Ó bá ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, kò sì tíì tan ẹ̀rọ ọkọ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́..."

"O ṣe é dáadáa," ni ìyá rẹ̀ wí, kò wò ó. "Ohùn mi gan-an lo mú. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rín àwọn ènìyàn ló dùn mí, Lará. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè sunkún níwájú ẹ."

Ojú gba Lará tì débi pé kò lè sunkún. Ì bá dáa kí ìyá rẹ̀ gbá a létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ń yí ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná nígbà tí bàbá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lará wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ wọn.

"Mojí," ni bàbá rẹ̀ wí.

Orúkọ náà jáde tìkọ̀tìkọ̀, bí ẹni pé ó ti há sí i lọ́fun tipẹ́. Ìró ṣíbí inú ìkòkò dúró. Lará mú àga mọ́ra, ó ń retí.

"Ṣé fíìmù ló rán yín wá?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo mọ̀. Àánú lẹ fi pè é. Ẹ má pè é mọ́, Daddy Lará. Gbogbo ilé-ìwé ti fi rẹ́rìn-ín tán." Ṣíbí tún bẹ̀rẹ̀ sí yí ọbẹ̀.

Lará jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ tutù. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ti dé, òun ló sì bà á jẹ́ kó tó dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá wọn ka àdúrà oore-ọ̀fẹ́ nìkan, kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú àdúrà. Ó kan ìyá wọn. Ìyá wọn di ojú, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dúró títí.

"Mummy, níbo ni ká ti ṣe àmín?" ni Ìbùkúnolúwa béèrè.

Lará lọ bá Uncle Gbénró. Ó ní kí wọ́n gé ibi kọ́tìnnì kúrò, nítorí ìtàn náà kì í ṣe tòun. Uncle Gbénró gé e, ṣùgbọ́n láìsí i, fíìmù náà kò tó ohun tí wọ́n lè fi díje, wọ́n sì mú ti ìsọ̀rí kejì lọ. Inú bí Reuben. Ti Labeebah ló dun Lará jù. "O purọ́ fún mi," ni Labeebah wí. "Èmi ni mo di fóònù mú o." Lará bẹ̀ ẹ́.

Kóòtù tú ìgbéyàwó náà ká kí ọdún tó parí. Ìyá wọn gba ilé kékeré kan ní Kétu, ó kó àwọn ọmọ dání. Ó ti dárí ji Lará, ó ń bá a ṣeré, ó ń bá a wí, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ní ọjọ́ kan, bí ìyá rẹ̀ ṣe la ojú tán, Lará sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àmín."

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Kí lò ń ṣe àmín sí? O ò gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Mi ò gbọ́ ọ, mà. Mo kàn fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe é fún yín."

Ìyá rẹ̀ tún kọ́là aṣọ ilé-ìwé Lará ṣe, ó ní kí wọ́n tètè máa lọ. Lọ́nà ilé-ìwé, Lará ń rò ó bó ṣe ń rò ó lójoojúmọ́: kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbọ́ ló di tiwa láti sọ. Ẹni tó bá sunkún níwájú wa ti fọkàn tán wa, bí a bá sì fi ẹkún rẹ̀ pa ayé lẹ́rìn-ín, ó lè dárí jì wá lọ́jọ́ náà gan-an, síbẹ̀ kó má sunkún níwájú wa mọ́.