Ohùn Ìyá Lẹ́nu Ọmọ

"Mi ò lè dìde fúnra mi, ma. Bí mo bá dìde, ẹsẹ̀ mi á yẹ̀."

Rahmah gbọ́ ohùn náà, ó sì dákẹ́ lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fà díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, tí èémí kékeré kan á sì tẹ̀ lé e. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ilé ìwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló rí níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣì là sílẹ̀. Ní pálọ̀, àga Mummy dún.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Mummy béèrè.

"Èmi ni, Mummy. Mò ń kàwé ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á.

Nàfísátù, ìyá Rahmah, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún nu ilẹ̀ ọ́fíìsì káàkiri Lọ́ńdọ̀nù kí àìsàn iṣan tó dé, tó sì ń gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé nínú fúláàtì wọn ní Peckham, lókè pátápátá. Owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara tí ìjọba ń san fún un ni wọ́n fi ń sanwó obìnrin tó ń wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ ìjọba kan pè é lórí fóònù láti mọ̀ bóyá owó náà ṣì tọ́ sí i. Ẹni tó pè é ní báwo ni ara o. Kí lẹ rò pé ọmọ Yorùbá máa dáhùn? "Alhamdulillahi! I'm fine. We thank God. I'm managing." Àbí ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn mọ́ra nínú wa? Ẹni tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ pàápàá, "ara ti ń le" ni yóò wí. Ẹni tó pè é kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, wọ́n sì dá owó náà dúró.

Uncle Làtíìfù, tó máa ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí wọn, ló bá wọn pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orí fóònù ni wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́ náà.

"Mummy Rahmah, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún judge pé ẹ ń manage o," ló kìlọ̀. "Ẹ sọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí kò dáa. Rahmah, máa bi wọ́n ní ìbéèrè nílé, kó lè mọ́ wọn lẹ́nu."

Rahmah gbìyànjú. "Madam, ṣé ẹ lè se oúnjẹ fúnra yín?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Mummy!"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Kí n máa fi ẹnu mi ṣépè fún ara mi?"

Bí adájọ́ bá tún sọ pé rárá, obìnrin tó ń wẹ Mummy, tó ti ń ṣiṣẹ́ àwìn, kò ní wá mọ́. Rahmah ni yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ láti jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un, ó kàn mọ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Zion ló fún un nímọ̀ràn níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. "Swear down, ohùn ẹ àti ti Mummy ẹ, same thing. Tí mo bá call, mi ò kí ń mọ ẹni tó gbé e. Judge ò lè rí ẹ lórí phone. Just be her, innit."

Bí Rahmah ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìyá rẹ̀ dánra wò nìyẹn. Ìgbà tí ohùn náà kò fẹ́ padà lọ mọ́ ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Ní kíláàsì, ó dáhùn ìbéèrè kan, olùkọ́ sì wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, bíi pé àgbàlagbà kan ló wọlé. Ìyá àgbà pè láti Ìsẹ́yìn, Rahmah gbé fóònù.

"Nàfísátù, ohùn rẹ ti rẹ̀ jù. Lọ sinmi."

"Mama, Rahmah ni."

"Má bá mi ṣeré, ọmọ mi. Fún Rahmah ní fóònù, kí n kí i."

Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ agbénirókè bàjẹ́, tí òkùnkùn ìgbà òtútù sì ti ṣú bo àtẹ̀gùn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Rahmah gbọ́ tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró. Ìró náà dúró. Ó wolẹ̀, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún òun fúnra rẹ̀ ni, tó ń wọ́ bíi ti Mummy. Ó ní ó ti rẹ òun ni.

Èyí tó burú jù ni pé bí ohùn náà ṣe ń le sí i lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mummy ń sọ̀rọ̀ dín kù. Ó di pé ó ń nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́. Ó dà bíi pé ohùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, tí ọmọ sì ti ń mú un lọ. Rahmah rí i, ó sì ń dùn ún, síbẹ̀ kò jáwọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, ó sọ fún Mummy pé wọ́n ti sún un di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé fóònù wọ kíṣìnì, ó ti ilẹ̀kùn. Fóònù dún. Adájọ́ jẹ́ obìnrin olóhùn tútù, dókítà kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìlà.

"Ṣé ẹnì kankan wà lọ́dọ̀ yín, Ìyáàfin Oyèníran?"

"Rárá ma. Èmi nìkan ni."

Ó dáhùn nípa oúnjẹ, nípa aṣọ wíwọ̀, nípa àtẹ̀gùn. Ohùn náà ń ṣàn geere. Lẹ́yìn náà ni dókítà béèrè pé, "Nígbà tí ọmọ yín bá wà nílé ìwé, báwo lẹ ṣe máa ń dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

Rahmah la ẹnu. Kò sí nílé lásìkò yẹn rí, kò sì béèrè rí.

"Mi ò kí ń mu omi," ni ohùn Mummy dáhùn.

Ètè Rahmah kò mì. Ó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀.

"Láti àárọ̀ títí tó fi máa dé, mi ò kí ń mu omi rárá, kí n má baà nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ohùn náà ti ń wá, lẹ́bàá ilẹ̀. "Tí mo bá ṣubú, ibẹ̀ ni mo máa wà títí ó fi máa dé."

Rahmah ṣílẹ̀kùn. Mummy ló dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Ìgúnpá ló fi wọ́ ara rẹ̀ láti pálọ̀.

"Ohùn kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn méjì," ni adájọ́ wí. "Èwo ni Ìyáàfin Oyèníran nínú yín?"

"Èmi kọ́, ma." Ohùn Rahmah ti tín-ín-rín, ó sì ti di tirẹ̀ padà. "Ọmọ wọn ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Adájọ́ dá ìgbẹ́jọ́ náà dúró. Ó ní àwọn adájọ́ mìíràn ni yóò tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀ ló kù kí Rahmah ba ẹjọ́ ìyá rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Oṣù bíi mélòó kan kọjá láìsí owó. Obìnrin tó ń wẹ Mummy kò wá mọ́. Rahmah ló ń wẹ ìyá rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń pẹ́ dé ilé ìwé títí tó fi pàdánù ìdánwò kan.

"Mummy, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" ló béèrè bó ṣe ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ohùn ara mi láti ilé ìwẹ̀. Ojú ń tì mí. Ọmọ mi lè sọ ọ́, èmi tí mo ni ara ò lè sọ ọ́. Ìdí tí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n tún pè, Mummy ló gbé fóònù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìfi nǹkan kan bò. Wọ́n dá owó náà padà. Rahmah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ìdajì ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà ni kò mọ̀ rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kéèyàn sọ pé ara òun kò dá, kò sọ ọ́ di aláìmoore sí Ọlọ́run. Àmọ́ a kì í torí pé ẹnì kan dákẹ́ ká wá jí ẹnu rẹ̀ gbé. Rahmah kọ́ ohùn ìyá rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n tán, kò sì jókòó lọ́jọ́ kan kó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń ṣe é.