Ẹ̀ta Tí Abíọ́nà Kò Kà

"Ẹ̀yin tíṣà rédíò, ṣé iye kò ju méjì lọ nílùú tiyín ni?"

Ohun tí Hàlímọ̀ kọ́kọ́ bá Abíọ́nà sọ nìyẹn, lójú fèrèsé, ní ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Igbó-Ọrà, lọ́dún 1986. Abíọ́nà, ọmọ Ìlá, ń kọ́ wọn ní àtúnṣe rédíò àti gbohùngbohùn. Hàlímọ̀, ọmọ onílùú, ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ránṣọ ní yàrá kejì. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ tí Abíọ́nà ń kọ́ ti ń dán máìkì wò, "ení, èjì, ení, èjì," tí aránṣọ kankan kò gbọ́ ohun tí tíṣà rẹ̀ ń wí mọ́.

Abíọ́nà wò ó. Ìbínú wà lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ díẹ̀ lẹ́nu. Ó gba máìkì, ó ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta." Hàlímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ta di ti Hàlímọ̀. Bí Abíọ́nà bá ti kà á dé ẹ̀ta, obìnrin tó wà ní yàrá kejì á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí. Àwọn ọmọ kò fura. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń dán máìkì wò nìyẹn.

Kì í ṣe àtúnṣe nìkan ni Abíọ́nà ń kọ́ wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má máa wojú ẹnikẹ́ni jẹun. A máa sọ fún wọn pé, "Ibi tí oníbàárà bá wà ni kí ẹ gbé ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó bá sì gbaṣẹ́ tí kò ṣe é parí, olè ni." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá òun.

Láwàl, àbúrò Hàlímọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá wọn bí, ló gbọ́ iṣẹ́ náà jù nínú àwọn ọmọ kíláàsì Abíọ́nà. Bó ti kọ́ ọ tán, kò dágbére, ó gba Èkó lọ. Oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìgàngàn kò rí ẹni kọ ebè mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni Abíọ́nà lọ fojú ara rẹ̀ han Bàbá Láwàl, kó tó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Hàlímọ̀. Mùsùlùmí bíi tiwọn ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni, kò retí ìjà.

"Kí lo pe orúkọ rẹ?" ni bàbá bi í.

"Abíọ́nà ni, Bàbá."

"Orúkọ ní í ro ni. Ọ̀nà lo ti wá, ojú ọ̀nà lo sì da ọmọ mi ọkùnrin sí. Kí n wá fa obìnrin náà fún ọ̀nà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo rán Láwàl lọ."

"O kọ́ ọ lọ ni. Mú un padà wálé, kóo wá mú ìyàwó rẹ."

Abíọ́nà wọkọ̀, ó di Èkó. Ó bá Láwàl nínú ṣọ́ọ̀bù, rédíò kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà ń dúró. Láwàl dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá rẹ̀, ó ra mínírà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí Abíọ́nà bá wá, ó mirí.

"Ọ̀gá mi, rédíò mélòó ló ń bàjẹ́ lóko Bàbá? Ẹ̀yin náà lẹ ní ibi tí oníbàárà bá wà ni ká gbé ṣọ́ọ̀bù lọ."

Abíọ́nà nìkan ló wọkọ̀ padà.

Nígbà tó dé Igbó-Ọrà, ó sọ fún Hàlímọ̀ pé, "Adúmáradán mi, jẹ́ ká máa lọ. Kò síbi tí wọn kì í ti í ránṣọ."

Hàlímọ̀ sunkún títí. "Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì péré ni Bàbá mi ní. Ṣé kí èmi náà di Láwàl ni?" Kò padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́.

Inú bí Abíọ́nà sí bàbá, ó bí i sí Láwàl, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Àkànó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, sáré wọlé. "Ọ̀gá, a ti ríṣẹ́. Wọ́n ní ká wá gbé gbohùngbohùn síbi yìgì, wọ́n sì ti san àsansílẹ̀."

"Yìgì ta ni?"

"Ti Àǹtí Hàlímọ̀ ni. Aláájì Àkíbù, oníṣòwò gbágùúdá l'Áyétẹ̀, ló ń gbé wọn níyàwó."

Abíọ́nà fẹ́ ní kí wọ́n dá owó olówó padà. Ó wo ojú àwọn ọmọ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà láyé wọn nìyí. Ó ní kí wọ́n lọ múra.

Lọ́jọ́ náà, ó lọ dúró lẹ́yìn àtíbàbà, bóyá nǹkan lè bàjẹ́. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Lémọ́ọ̀mù na máìkì sí Hàlímọ̀. "Ṣé o gbà láti fẹ́ Àkíbù?" Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni máìkì kú.

Èrò ń kùn. Àkànó yí tibí, ó yí tọ̀hún. Bàbá kan ní, "Ẹ ò rí i, iṣẹ́ ọmọdé." Obìnrin kan ní bóyá Ọlọ́run ò fọwọ́ sí i ni. Abíọ́nà rò ó nínú ara rẹ̀: Ká ní máìkì yìí lè kú jálẹ̀! Ó mọ̀ pé wáyà lásán ni, ó sì mọ̀ pé láìsí máìkì náà, yìgì á so. Àwọn ọmọ wọ̀nyí nìkan ni orúkọ wọn máa bàjẹ́.

Ó jáde síta. Bàbá Láwàl rí i, ó gbójú sílẹ̀. Abíọ́nà kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, ó rí wáyà tó já, ó fi eyín bó o, ó so ó pọ̀. Ó gbé máìkì sẹ́nu.

"Ení, èjì."

Ohùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé. Hàlímọ̀ gbórí sókè lábẹ́ ìborùn, ó ń dúró de èyí tó kù. Abíọ́nà rí i pé ó ń dúró. Ó gbé máìkì fún Lémọ́ọ̀mù.

"Mo gbà," ni Hàlímọ̀ wí, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ ketekete.

Àkànó sún mọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé ẹ̀ta."

"Mi ò gbàgbé," ni Abíọ́nà wí. Ó ní kí wọ́n ká wáyà wọn dáadáa bí wọ́n bá ṣe tán.