Orúkọ Tó Wà Lára Ẹ̀rọ

Ọjọ́ tí Àǹtí Oníwèé ṣí ilé ìkàwé abúlé, ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo fún gbogbo ará abúlé ni. Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kọ orúkọ yín síbí kí ẹ tó wọlé."

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rọ wò ó bí ẹni tó rí ejò lójú ọ̀nà oko. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo ohun tó máa ṣe. Ó mú bírò, ó fara balẹ̀, ó kọ lẹ́tà mẹ́fà.

Àǹtí Oníwèé rẹ́rìn-ín. "Orúkọ yín mà le o! Ṣé ìnagijẹ ni?"

"Ìdílé wa ló ti wá."

Ẹlẹ́rọ ò mọ̀wé. Ara ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti rí lẹ́tà mẹ́fà yẹn. Orúkọ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni, wọ́n rọ ọ́ mọ́ irin. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un ló ti ń nù ún lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ju ojú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Lójoojúmọ́ ló ń lọ kọ orúkọ ẹ̀rọ, á jókòó, á ṣí ìwé. Tó bá ti mí ní ogún ìgbà, á ṣí ojú ewé kejì. Àǹtí Oníwèé á gbé omi wá fún un, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, "ọkàn mi" ló ń pè é.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, tí kò ríran mọ́, gbọ́ ìfẹ́ náà nínú ohùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, sọ fún un. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

"Màmá, tí mo bá sọ ọ́, ó máa lọ."

"Tó ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ẹlẹ́rọ dà bí eku tó bọ́ sínú ìkòkò jíjìn: bó ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ̀ padà sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Àǹtí Oníwèé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọkàn mi, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní ará abúlé kì í kàwé. Tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń wá síbí ò bá kàwé sókè níwájú rẹ̀, wọ́n máa ti ilé yìí pa, wọ́n á dá mi padà. Ìwọ nìkan ni mo ní."

"Màá wá," ló sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tan ẹ̀rọ. Kò sí àgbàdo kankan nínú rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ló fẹ́, kó má baà gbọ́ tí wọ́n bá ń pè é.

Àǹtí Oníwèé sáré wọlé. "Wọ́n ti ń dúró dè ẹ́!" Ojú rẹ̀ sì bọ́ sára irin. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà, láti ìkíní dé ìkẹfà. Ẹlẹ́rọ pa ẹ̀rọ.

"Oṣù mẹ́jọ," obìnrin náà sọ. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Níbo ni ǹ bá ti sọ ọ́? Kì í ṣe pé a ò fẹ́ràn ìwé. Ẹnu ọ̀nà rẹ la ò lè kọjá. Ìwé ńlá yẹn, ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ò mọ̀ ọ́n kọ. Ká ní abẹ́ igi lo jókòó sí, tó o sì kà á fún wa, ta ni kò ní wá?"

Àǹtí Oníwèé bú sẹ́kún. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ọ̀gá ti lọ kó tó padà débẹ̀. Wọ́n ní kó dé ọ́fíìsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó fi èédú kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ. "Orúkọ tìẹ gan-an rèé. Òun ni kó o máa kọ." Ó fún un ní ìwé ábídí kan. "Bá mi lọ."

"Ta ni màá fi Màmá sílẹ̀ fún?"

"Màá kọ lẹ́tà sí ẹ."

Lẹ́tà náà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

"Gbé e fún télọ̀ abúlé wa," ìyá rẹ̀ wí. "Ó mọ̀wé."

"Kí télọ̀ máa ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mi fún gbogbo oníbàárà ẹ̀? Màmá, màá kà á fúnra mi."

Ó kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òun àti ìwé ábídí nìkan, kò bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó lè ka lẹ́tà náà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan.

"Ọkàn mi, wọ́n ti fún mi ní yàrá méjì. Mú Màmá wá, àyè gbà wá. Jẹ́ kí télọ̀ bá ọ kọ èsì. Tí mi ò bá gbúròó rẹ kí ìkórè tó parí, màá mọ̀ pé o ò fẹ́. Mi ò ní dà ọ́ láàmú mọ́."

"O kà á dáadáa," ìyá rẹ̀ wí. "Ìkórè wo ló ní?"

"Èyí tó ti kọjá, Màmá."

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sápò, ó lọ tan ẹ̀rọ. Kò sí àgbàdo kankan nínú rẹ̀.